IBN AL-NAFIS: ONÍṢÈGÙN TÍ Ó MỌ Ọ̀NÀ TÍ Ẹ̀JẸ̀ Ń GBÀ DÉ Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó sì fi ọkàn tí kì í sinmi lọ́sàn-án lóru sí i láyà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí wa, àti gbogbo ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ìtàn tí a fẹ́ sọ ni ti ọ̀kan nínú àwọn àgbà oníṣègùn Mùsùlùmí. Ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn pé ènìyàn lè bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó kọ́ ọ ní ìmọ̀, kí ó sì tún sọ òtítọ́ níbi tí wọ́n ti ṣàṣìṣe.

Orúkọ rẹ̀ ni Ala al-Din Ali ibn Abi al-Hazm al-Qarshi, ṣùgbọ́n Ibn al-Nafis ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Nǹkan bí ọdún 1213 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Síríà, lágbègbè Damascus. Ilé ìwòsàn ńlá kan wà ní ìlú náà, tí Sultan Nur al-Din Zangi ti kọ́ kí wọ́n tó bí i. Wọn kì í tọ́jú aláìsàn nìkan níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tún ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ibẹ̀ ni Ibn al-Nafis ti jókòó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ ńlá tí à ń pè ní al-Dakhwar.

Lẹ́yìn èyí ó kọjá sí Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ títí ó fi di olórí àwọn oníṣègùn. Síbẹ̀, kò fi ìmọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀. Bí àwa níhìn-ín ṣe ń tẹ̀lé mọ́sáábù Imam Malik, ti Imam Shafi'i ni òun ń tẹ̀lé, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní fiqh ní màdírásà Masruriyya ní Cairo. Ó kọ ìwé lórí ìmọ̀ hádíìsì pẹ̀lú. Ọwọ́ kan náà tí ń kọ ìwé fiqh ni ó ń di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú láti mọ bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù.

Kí a tó sọ ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí á mọ ohun tí àwọn oníṣègùn gbà gbọ́ ṣáájú rẹ̀. Ọkàn ènìyàn ní yàrá ńlá méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ògiri sì wà láàárín wọn. Galen, àgbà oníṣègùn Gíríìkì tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,000 ọdún ṣáájú Ibn al-Nafis, sọ pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ náà ń wọ yàrá ọ̀tún, ó sì ń gba inú àwọn ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí lára ògiri náà bọ́ sí yàrá òsì. Gbogbo ayé gbà á bẹ́ẹ̀. Ibn Sina pàápàá, tí gbogbo oníṣègùn ń ka ìwé rẹ̀ al-Qanun, kò kúrò lójú ọ̀nà yìí.

Ní ọdún 1242, nígbà tí Ibn al-Nafis kò tíì ju ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ, ó kọ ìwé kan láti ṣàlàyé ohun tí Ibn Sina sọ nípa ẹ̀yà ara. Nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ ọkàn, ó ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri tí ó wà láàárín yàrá méjèèjì nípọn, kò sí ihò tí ojú rí lára rẹ̀, kò sì sí ihò tí ó fara pamọ́. Ibo wá ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà? Ó ṣàlàyé pé láti yàrá ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú iṣan ńlá kan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀ ni yóò ti tàn káàkiri, tí yóò sì pàdé afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, iṣan mìíràn yóò kó o padà wá sí yàrá òsì. Ó tún sọ pé ọ̀nà tín-ín-rín gbọ́dọ̀ wà láàárín irú iṣan méjèèjì nínú ẹ̀dọ̀fóró, àti pé àwọn iṣan tí ó wà lára ọkàn fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọkàn.

Nínú ìwé náà, ó jẹ́wọ́ pé òfin ẹ̀sìn àti àánú kò jẹ́ kí òun máa la òkú. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi làákàyè wọ̀n wọ́n.

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Lónìí a mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbogbo ara bọ̀ ti fi afẹ́fẹ́ rere sílẹ̀ fún ara, ó sì ti ru afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí. Ọkàn yóò tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró láti lọ pààrọ̀ rẹ̀, kí ó tó tún rán an káàkiri ara. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà márùn-ún, ọkàn sì ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́. Ní ọdún 1661, Marcello Malpighi, ará Ítálì, fi màíkírósíkópù rí àwọn ọ̀nà tín-ín-rín náà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́. Ní ti ihò lára ògiri, bí wọ́n bá bí ọmọ kan tí ihò wà lára ògiri ọkàn rẹ̀, àìsàn ni, tí ó yẹ kí dókítà yẹ̀ wò.

Kì í ṣe pé Ibn al-Nafis mọ ohun gbogbo. Pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń yí gbogbo ara po tí ó sì ń padà, William Harvey, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi èyí múlẹ̀ ní ọdún 1628. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn òpìtàn sọ pé bí ó bá fẹ́ kọ̀wé, wọ́n á ti gbẹ́ gègé púpọ̀ sílẹ̀ dè é, á kọjú sí ògiri, á sì máa kọ láti orí láìwo ìwé kankan. Wọ́n tún ní ó wẹ̀ dé ìdajì lọ́jọ́ kan ní ilé ìwẹ̀, ó jáde, ó béèrè tàdáwà àti ìwé, ó kọ̀wé lórí bí iṣan ṣe ń lù títí ó fi parí, kí ó tó padà lọ wẹ ìyókù. Ìwé ìṣègùn rẹ̀ tí à ń pè ní al-Shamil, apá 300 ni ó pinnu láti kọ. Apá 80 ni ó kọ tán kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1288 ni ó kú ní Cairo. Nígbà tí àìsàn náà le, àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó mu ọtí díẹ̀ bí oògùn. Ó kọ̀, ó ní òun kò ní lọ bá Ọlọ́hun pẹ̀lú ọtí nínú òun. Ilé rẹ̀ àti gbogbo ìwé rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn Mansuri tí Sultan Qalawun kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dunni rèé. Ìwé tí ó kọ lórí ọkàn wà lórí pẹpẹ, ayé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1924 ni dókítà ọmọ Íjíbítì kan, Muhyi al-Din al-Tatawi, tí ó ń kàwé ní Jámánì, ka ìwé àfọwọ́kọ náà tí ó wà ní Berlin, tí ó sì kéde rẹ̀. Ọdún 682 ti kọjá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, Ibn al-Nafis kò bú Ibn Sina. Ó ka ìwé rẹ̀ tán pátá, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ni ó tó ṣàtúnṣe. Ẹni tí kò kà á tán kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un ṣe. Ẹ̀yin òbí, ìwé Lárúbáwá àfọwọ́kọ tí àwọn bàbá wa ààfáà fi sílẹ̀ wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin àti àwọn ìlú wa mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ wọ́n. Ẹ gbé wọn fún ẹni tí ó lè kà wọ́n.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Ibn al-Nafis, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní. Àmín.