Boyd Alexander àti Orúkọ Tó Fi Sára Ẹyẹ

Ọjọ́ 16, oṣù Kíní, ọdún 1873 ni wọ́n bí Boyd Alexander ní Cranbrook, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ológun ló ṣe, ó sì sìn ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ṣùgbọ́n ẹyẹ ló gbà á lọ́kàn.

Ní 1902, ó gun òkè erékùṣù Fernando Po, ìyẹn Bioko. Òkè yìí ga ju mítà 3,000 lọ. Òtútù wà lórí rẹ̀, ooru sì wà nísàlẹ̀, nítorí náà ẹyẹ orí òkè kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dá gbé níbẹ̀ pẹ́, wọ́n yàtọ̀ sí ẹbí wọn níbòmíràn. Láyé ìgbà yẹn, wọn á yìnbọn pa ẹyẹ, wọn á tètè bó awọ rẹ̀, wọn á fi òwú kún un, wọn á sì so lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀: ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ tí wọ́n rí i, akọ tàbí abo. Awọ tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, ìyẹ́ lásán ni.

Alexander nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. José Lopes ń bá a kó ẹyẹ jọ. Nígbà tí Alexander kọ̀wé nípa àwọn ẹyẹ tuntun ibẹ̀ ní 1903, orúkọ Lopes ló fi sọ méjì nínú wọn: Poliolais lopezi àti Bradypterus lopezi.

Láti 1904 dé 1907, ó rìn láti odò Ọya dé odò Náílì. Claud, àbúrò rẹ̀, kú lọ́nà. Gosling, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kú pẹ̀lú. Lára ẹranko kéékèèké tí ìrìn náà mú wá ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan, Paraxerus alexandri, tí wọ́n fi orúkọ tirẹ̀ sọ.

Ní 1909, ó kọ̀wé nípa àparò kan tí kò sí níbòmíràn láyé àfi lórí Òkè Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, 1910, wọ́n pa á ní Nyeri, ní Chad. Ẹni ọdún 37 ni. Maifoni, ní Borno, ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Claud.

Lónìí, ọ̀pọ̀ wa ní Ọ̀jọ́ máa ń ya fọ́tò, a óò wọn ẹranko, a óò sì tú u sílẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ lébẹ́ẹ̀lì kò yí padà. Bí ọdẹ kan lẹ́yìn Ìbà tàbí Okokomaiko bá fi ihò eku hàn yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí.