Ilé Ni Etí Fágúnwà Ti Kọ́kọ́ Gbọ́

 Ní Pleasure níbí, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di òǹkọ̀wé máa ń bi mí pé níbo ni wọ́n ti lè rí ìtàn kọ. Ìgbésí ayé D. O. Fágúnwà ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Òkè-Igbó. Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ Orò. Ifá wà nínú Fágúnwà, Ọ̀ṣun wà nínú Ọ̀ṣunyọmí tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́, babaláwo sì ni bàbá rẹ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ti di onígbàgbọ́. Ọmọ náà di Daniel, ó sì fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò Oròwọlé. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó di tíṣà, ó ka Bíbélì, ó ka ìwé John Bunyan.

Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Inú àwọn kan nínú wa kò dùn sí ìwé yìí, wọ́n ní ìwàásù pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ìwàásù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó ń bá iwin jà, ọfọ̀, oríkì àti òwe, Bunyan kọ́ ló kọ́ ọ. Kódà nínú ìwé náà, àgbàlagbà kan ló wá sọ ìtàn fún òǹkọ̀wé pé kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣe tiwa nìyẹn: àgbà á wí, ọmọ á gbà á.

Ó tún kọ ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin mìíràn. Ní oṣù Kejìlá 1963, ó bá omi lọ.

Fágúnwà kúrò nídìí Ifá, ṣùgbọ́n ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ kò kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: kí ni etí ọmọ Pleasure ń gbọ́ lónìí, yàtọ̀ sí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fóònù? Ẹ̀yin àgbà, ẹ pa àlọ́ fún wọn. Ẹ̀yin awo, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Ifá, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí yóò kọ ọ́ lọ́la lè má bá wa bọ Ifá. Kó ṣáà ti gbọ́.