Thomas Decker àti Èdè Tí A Kẹ́gàn

Ní ọdún 1916 ni a bí Thomas Decker sí Kàlàbá, ní orílẹ̀-èdè wa yìí, ṣùgbọ́n ọmọ Krio ti ilẹ̀ Sàró ni àwọn òbí rẹ̀. Ìran Yorùbá tí a gbà lóko ẹrú pọ̀ nínú àwọn baba ńlá Krio. Ìdí nìyẹn tí kúṣẹ́, àkàrà àti aṣọẹbí fi wà nínú èdè wọn títí di òní.

Akọ̀ròyìn ni Decker. Nígbà ayé rẹ̀, ojú yẹpẹrẹ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi ń wo Krio; Gẹ̀ẹ́sì tí ó bàjẹ́ ni wọ́n kà á sí. Decker kọ̀ jálẹ̀, ó ní èdè pípé ni. Nígbà tí ó yá, ó fi iṣẹ́ dáhùn: ó túmọ̀ Julius Caesar, eré ìbànújẹ́ tí Shakespeare kọ, sí Krio, wọ́n sì ṣe é lórí ìtàgé ní Freetown ní 1964. Ó fẹ́ kí ó hàn pé èdè náà lè ru ọ̀rọ̀ wúwo, kí ẹni tí kò lè ka ti Gẹ̀ẹ́sì sì rí tirẹ̀ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ajégúnlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti wá, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Urhobo àti Ìlàjẹ ti ń fi píjìn bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì, ojú èdè ilé ń tì wá. Àkọ́sórí lásán ni a fi Shakespeare ṣe. Brutus fi àǹfààní wé ìgbà tí òkun bá kún, tí ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí. Ta ni ìyẹn ìbá yé ju ọmọ tí ó ń wo ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá lójoojúmọ́? Antony fi ọgbẹ́ Késárì wé ẹnu tí kò lè fọhùn. Ní èdè wa, ojú ni egbò ní. Èéṣe tí Antony fi fún un ní ẹnu? Nítorí pé ó fẹ́ di ahọ́n fún òkú, kí ó lè ru ará ìlú sókè. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ fi èdè ilé rẹ̀ rò ó ni yóò rí ìyàtọ̀ náà.

Decker kú ní 1978. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, olúkúlùkù ni ó gbọ́ ìyìn rere ní èdè tirẹ̀. Ní àjọ̀dún yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú èdè ilé ti àwọn ọmọ wa mọ́. Kí Olúwa bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àmín.