Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà

Ní ayé àtijọ́, àrùn burúkú kan wà tí ń jẹ́ ṣọ̀pọ̀ná. Bí ó bá mú ọmọ, ara ọmọ náà á gbóná. Lẹ́yìn náà, ìléròrò á yọ sí i lójú àti ní gbogbo ara. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó kú. Ojú àwọn mìíràn fọ́. Àwọn àgbà bẹ̀rù àrùn náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é.

A bí Ògúntọ́lá Sàpárà ní ọdún 1861, ní ìlú Freetown ní Sàró. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1876, Sàpárà dé Èkó. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ìlú òyìnbó, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó sì padà wálé.

Nígbà náà, àjẹsára ṣọ̀pọ̀ná ti wà. Síbẹ̀, àrùn náà kò tán. Sàpárà fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ Ṣọ̀pọ̀ná, kò sì sọ ohun tí ó bá wá. Bí àṣírí rẹ̀ bá tú, ó lè kú. Ó dákẹ́, ó ń wò. Ó rí i pé àwọn kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ fún ìjọba. Ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà.

Sàpárà kú ní ọdún 1935. Kò rí òpin ṣọ̀pọ̀ná. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń fún ènìyàn ní àjẹsára láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀ná ti tán láyé.

Èéyi kò tíì tán ní tirẹ̀. Bí ó bá mú àbúrò yín, ẹ tètè sọ fún ìyá yín kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ fún un lómi mu dáadáa. Kí ìyá gé èékánná rẹ̀, kí ó má baà họ ara rẹ̀ bó.

Ẹ̀yin ọmọ Akpro-Missérété, ẹ bi ìyá yín léèrè lónìí: ǹjẹ́ ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi?

Ìbéèrè
1. Níbo ni a ti bí Sàpárà?
2. Kí ni ó rí nínú ẹgbẹ́ náà?
3. Kí ni a ń ṣe fún ọmọ tí èéyi mú?