Ìrìn-àjò Bíṣọ́ọ̀pù Àjàyí Crowther ní Ìlú Òyìnbó

Kò sí ọmọ Ìjọ kan ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Èkó títí dé Ẹ̀pinmì àti Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, tí kò mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀pù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. A ti kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé ọmọ Òṣogùn ni, pé a kó o lẹ́rú ní ìgbà èwe rẹ̀, àti pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀pù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ní àkókò tí a ńṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún Ìjọ wa yìí, ó tọ́ kí a rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan ìtàn náà tí a kì í sábà sọ ni a fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àlejò wa nínú iṣẹ́ àlùfáà, èyíinì ni ìrìn-àjò rẹ̀ ní Ìlú Òyìnbó. Ó lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú àwọn ìgbà wọ̀nyí, mẹ́rin ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn ọmọ wa tí ó ńlọ kàwé ní Ìlú Òyìnbó lóde òní a máa fi ọjọ́ ìsinmi wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ààfin Windsor, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cambridge àti Oxford, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury. Nwọ́n a ya àwòrán, nwọ́n a sì padà sí ilé ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ibi wọ̀nyí kò ṣe àjèjì sí orúkọ Crowther. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìran wíwò ni ó gbé e lọ. Níbikíbi tí ó dé, àwọn ènìà ńwò ó láti mọ̀ bí ọmọ aláwọ̀ dúdú lè ní òye. Ohun tí nwọ́n bá sì rí lára rẹ̀, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni nwọ́n ó fi í ṣe ìdájọ́ fún. Ẹrù wúwo ni èyí fún ènìà kan ṣoṣo láti rù.

Ìtàn ìkólẹ́rú rẹ̀ ti di mímọ̀, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Li ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn. A ya Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ Àfàlá, a fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ńpè ní Myrmidon, èyí tí Kápútẹ́nì Henry Leeke jẹ́ olórí rẹ̀, wà nínú àwọn tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun. Kí olùkàwé jọ̀wọ́ fi orúkọ Leeke yìí sọ́kàn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni a gúnlẹ̀ sí Sàró. Àjàyí bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìwé, kò sì tó ọdún kan tí ó fi lè ka Bíbélì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni a sàmì fún un. Orúkọ tí a fún un jẹ́ orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther ti Ṣọ́ọ̀ṣì Kristi ní Newgate Street, ẹni tí Àjàyí kò fi ojú kàn rí.

Kò pẹ́ tí ó fi rí ìlú tí orúkọ náà ti wá. Ní ọdún 1826, Ọ̀gbẹ́ni Davey olùkọ́ àti aya rẹ̀ mú un lọ́wọ́ lọ sí Ìlú Òyìnbó, nwọ́n sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Islington ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mélòó kan péré ni ó lò níbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀ràn ṣe yí padà: ọmọ tí a ti dè mọ́ ẹlòmíràn ní Èkó li ọdún mẹ́rin sẹ́hìn ni ó jókòó láàárín àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ńka ìwé kan náà pẹ̀lú wọn. Nígbàtí ó padà sí Sàró ní ọdún 1827, orúkọ rẹ̀ ni a kọ ṣíwájú nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Níbẹ̀ ni ó ti di olùkọ́, tí ó sì gbé Àsánọ̀ ní ìyàwó, ẹnití a ńpè ní Susan lẹ́hìn ìsàmì, tí òun náà jẹ́ ẹnití a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olóko ẹrú.

Ìrìn-àjò kejì ni ó sọ ọ́ di àlùfáà. Li ọdún 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba Odò Ọya lọ sí òkè, Crowther sì bá wọn lọ pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Schön. Ibà pa àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà lọ bẹẹrẹ. Ohun tí Schön rí nínú ìrìn-àjò kíkorò yìí ni ó kọ ránṣẹ́ sí àwọn Ẹgbẹ́ C.M.S., pé bí a bá fẹ́ kí Ìhìnrere dé àárín ilẹ̀ Áfíríkà, ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó gbọ́dọ̀ gbà. Ó sì dárúkọ Crowther. Bayìí ni a ṣe ránṣẹ́ pè é, tí ó fi aya àti àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Sàró, tí ó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ajíhìnrere ní Islington ní ọdún 1842. Àdúgbò tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbà èwe ni ó padà sí, nísinsìnyí tí ó ti di baálé ilé.

Àgbà ọ̀mọ̀wé kan láti Cambridge, Scholefield, tí í ṣe olùkọ́ni ní èdè Gíríìkì, wà lára àwọn tí ó dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ọ̀rẹ́ kan wà fún un ní Cambridge tí ó gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè to ọ̀rọ̀ pọ̀ kí ó sì fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀ nípa ìrònú. Nígbàtí Scholefield ka ìdáhùn Crowther lórí ìwé Paley, èyí tí ó sọ nípa àwọn ẹ̀rí ìsìn Kristi, ó tọrọ ààyè kí òun gbé ìwé náà lọ sí Cambridge kí òun lè fi í han ọ̀rẹ́ òun. Lójú tiwa, ìwé ìdánwò yẹn ṣe ju ìwàásù mẹ́wàá lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1843, Bíṣọ́ọ̀pù Lọ́ńdọ̀nù, Blomfield, fi í jẹ díákónì, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá a sì fi í jẹ àlùfáà. Kì í ṣe òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà ní Ìlú Òyìnbó, nítorí Philip Quaque ọmọ Cape Coast ti gbà á ní ọdún 1765. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ Yorùbá, òun ni ó ṣáájú. Ní ọdún kan náà ni a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó jọ pé bí ó ti ńkọ́ èdè Gíríìkì àti Látínì ní Islington, èdè ìyá rẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì rẹ̀.

Ó padà sí Sàró, ní oṣù kìíní ọdún 1844 ó sì ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ènìà wa tí ó wà níbẹ̀. Láti Sàró ó lọ sí Àgbádárìgì, láti Àgbádárìgì ó lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́hìn ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n. Ní 1848 ni a sàmì fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹnití kò bá rí nǹkan dúpẹ́ lé lórí nínú ìtàn yìí, kí ó tún un kà.

Ìrìn-àjò ti ọdún 1851 ni ó dùn mọ́ wa jùlọ láti sọ. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni ogun Dahomey kọlu Abẹ́òkúta, a sì lé wọn padà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò tíì tán, òwò ẹrú sì ńlọ lọ́wọ́ ní Èkó. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., pe Crowther wá kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ọ̀ràn ti rí. Ó rí Palmerston tí ó ńṣe ìtọ́jú ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Ó lọ sí Cambridge, ó sì bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí a ti gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́hìn ni ó wá fi ara rẹ̀ hàn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, a mú un lọ sí ààfin Windsor kí ó lè rí Ọmọ-Aládé Albert, ọkọ Ọba Obìnrin Victoria. Ilẹ̀ ti ńṣú. Nwọ́n tẹ́ ìwé àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, Crowther sì ńfi ìka tọ́ka sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Obìnrin kan wọlé ní pẹ̀lẹ́, ó sì dara pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí nwọ́n ti ńṣí ìwé ńlá náà kí nwọ́n lè rí i dáadáa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa àtùpà, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Crowther ńdá obìnrin náà lóhùn láìbẹ̀rù, títí ó fi gbọ́ bí a ti ńfi oyè pè é, tí ó sì mọ̀ pé Ọba Obìnrin tìkára rẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́ ọ̀rọ̀. Ó sọ ìyà tí òwò ẹrú ńfi jẹ àwọn ènìà rẹ̀, àti bí Èkó ṣe jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbàtí a bi í bí èdè rẹ̀ ti rí, ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá fún wọn; Ọba Obìnrin sì sọ pé èdè náà dùn, ó sì tutù létí. Kò tó oṣù méjì lẹ́hìn náà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lu Èkó, tí a lé Kòsọ́kọ́ jáde, tí a sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọdún 1861 ni Èkó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Crowther nìkan ni ó fa èyí, nítorí òwò àti òṣèlú wà nínú rẹ̀. Ohun tí òun bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a dá títa ènìà dúró, òpin ọ̀ràn náà kò sì sí ní ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1864, Venn fẹ́ kí ó jẹ Bíṣọ́ọ̀pù. Crowther kọ̀. Ó mọ̀ pé àwọn òyìnbó kan, tí Townsend ti Abẹ́òkúta ṣe olórí wọn, kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ olórí lé wọn lórí. Venn rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ Pétérù Mímọ́, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, a ṣètò ọkọ̀ ojú irin pàtàkì láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Canterbury, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà sì kún fọ́fọ́. Àwọn mẹ́ta ni a yà sí mímọ́: Bíṣọ́ọ̀pù Peterborough, Bíṣọ́ọ̀pù Tasmania, àti Crowther, Lọngley tí í ṣe Olórí Bíṣọ́ọ̀pù ni ó gbé ọwọ́ lé wọn. Láàárín ìjọ ènìà náà ni Leeke jókòó sí, ẹnití ọkọ̀ rẹ̀ gba Àjàyí sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún méjìlélógójì sẹ́hìn. Ìyá Weeks, opó Bíṣọ́ọ̀pù Sàró, tí ó kọ́ ọ ní A B D, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ìwé àṣẹ rẹ̀: ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni a fi fún un. Èkó tí àwọn òyìnbó wà kò sí lábẹ́ rẹ̀. A gbé e ga, a sì tún fi ògiri yí i ká.

Odò Ọya ni ó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́kọ́jà, níbití ó fi iṣẹ́ ajíhìnrere lọ́lẹ̀ sí, kò jìnnà sí wa. Ẹnití ó bá gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ kọjá sí Kàbbà yóò dé ibẹ̀. Àwa ní Àkókó, tí èdè ìlú kan kò jọ ti èkejì, mọ ohun tí ìwé rẹ̀ ṣe fún wa, nítorí èdè tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò sínú Bíbélì ni gbogbo wa fi pàdé nínú ilé Ọlọ́run. Ìwé Romu ti jáde ní ọdún 1850. Bíbélì Yorùbá lódindi parí ní ọdún 1884.

Ògiri tí a sọ yẹn sì ga sí i ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890 ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó, tí a kò tíì bí nígbàtí òun jẹ àlùfáà, dájọ́ lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórí níwájú rẹ̀, nwọ́n dá àlùfáà rẹ̀ dúró láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹhìn ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1893 a ya Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips, ẹnití ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Oǹdó, sí mímọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí igbákejì fún Bíṣọ́ọ̀pù òyìnbó ni. Ó di ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a ti gbé ọwọ́ lé Crowther, kí Olórí Bíṣọ́ọ̀pù Canterbury, Justin Welby, tó dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan náà yẹn, tí ó sì tọrọ ìdáríjì ní gbangba nítorí ohun tí Ìjọ fi ojú Bíṣọ́ọ̀pù Àjàyí Crowther rí.