Christian Ehrenberg: Ta ni ará Jámánì tó rí òkú ẹ̀dá inú omi nínú eruku ọyẹ́?

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ọdọọdún, tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Bassila àti Manigri, lórílẹ̀-èdè Benin, kò sí ilé tí eruku kì í wọ̀. Ó ń bà lé èlùbọ́ tí wọ́n sá sóòrùn, ó ń bà lé ewé kajú, ó sì ń bo tábìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù láàárọ̀. Àwọn àgbà á ní kí àwọn ọmọ fi òrí pa ètè, ọ̀rọ̀ parí.

Àmọ́ eruku lásán kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí èèyàn bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ìyẹn maikirosíkóòpù, yóò rí ìkarahun àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú omi nínú rẹ̀, àwọn tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ rí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nínú eruku tó fẹ́ kúrò nílẹ̀ wa, tó yà wọ́n láwòrán, tó sì sọ wọ́n lórúkọ, ni Christian Gottfried Ehrenberg, ọmọ Jámánì. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé òun gan-an kò gbà pé Áfíríkà ni eruku náà ti wá.

Kí ló kan Bassila nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Àwọn tó ń wá òkú ẹ̀dá òkun tó ti di òkúta kì í yà sí Bassila. Òkúta akọ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì ti wà kí ẹ̀dá tó ní ìkarahun tó pọ̀ sínú òkun. Gúúsù ni irú wọn ń lọ, sí Onigbolo nítòsí Pobè, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta fi ṣe sìmẹ́ǹtì, tàbí sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí òkun ti bo àwọn ibẹ̀ rí, ìkarahun sì kún inú òkúta wọn.

Ní Manigri, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Nàgó tó bá Yorùbá tan, inú afẹ́fẹ́ ni tiwọn ń gbà wá.

Ọmọ tí bàbá fẹ́ kó kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ọlọ́run

Ọjọ́ 19, oṣù Kẹrin, ọdún 1795 ni wọ́n bí Ehrenberg ní Delitzsch, ìlú kékeré kan nítòsí Leipzig. Adájọ́ ni bàbá rẹ̀, ìfẹ́ bàbá sì ni pé kí ọmọ òun kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ Ọlọ́run. Torí èyí ló ṣe lọ sí Yunifásítì Leipzig ní 1815. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó yà sí ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì kó lọ sí Berlin ní 1817.

Ìwé tó fi gboyè dókítà ní 1818 kò dá lórí àìsàn kankan. Olú ló kọ ọ́ lé lórí, nǹkan bíi 250 irú èyí tó ń hù ní agbègbè Berlin, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì ṣàpèjúwe ọ̀pọ̀ nínú wọn rí. Láti ìgbà náà ni ojú ẹni yìí ti mọ ohun tí àwọn yòókù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá.

Berlin náà ló ti pàdé Wilhelm Hemprich, oníṣègùn bíi tirẹ̀. Wọ́n di kòríkòsùn.

Ẹni méjì ló lọ, ẹnì kan ló bọ̀

Ní 1820, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Prussia ní Berlin ti àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì lẹ́yìn láti bá Ọ̀gágun von Minutoli lọ sí Íjíbítì. Wọn kò tètè padà. Wọ́n wọ aṣálẹ̀ Líbíà, wọ́n tọ odò Náílì gòkè dé Dongola ní Sudan, wọ́n dé Lẹ́bánónì, wọ́n sì rin etí Òkun Pupa títí dé bèbè Abisíníà. Ẹranko 34,000 àti ewéko 46,000 ni wọ́n kó ránṣẹ́ sílé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1823, ní El-Tor létí Òkun Pupa, Ehrenberg rí omi tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò sá. Ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó wò ó dáadáa, ó sì rí i pé ẹ̀dá tíntìntín tó kó ara jọ ló pọn omi náà. Òun ló sọ ọ́ ní Trichodesmium erythraeum, orúkọ tí wọ́n ṣì ń pè é dòní.

Àmọ́ ìrìn àjò náà gba ẹ̀mí. Ibà àti àìsàn mìíràn pa púpọ̀ nínú àwọn tó bá wọn lọ. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1825, Hemprich fúnra rẹ̀ kú ní Massawa, èbúté tó wà ní Eritrea òde òní. Nígbà tí Ehrenberg ń ṣe ìwé ohun tí wọ́n rí jáde, kò yọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Títí di àsìkò yìí, orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn onímọ̀ ń kọ tẹ̀lé orúkọ ọ̀pọ̀ ẹyẹ àti ẹranko tí wọ́n jọ rí.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Berlin ní 1827. Ní 1829 ó bá Alexander von Humboldt lọ sí Rọ́ṣíà títí dé òkè Altai. Lẹ́yìn èyí, inú awò maikirosíkóòpù ni ìrìn àjò rẹ̀ kù sí.

Òkúta tó jẹ́ kìkì òkú

Ní 1836, Christian Fischer, ẹni tó ní ilé iṣẹ́ tánganran, fi ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀ ní Franzensbad ránṣẹ́ sí i. Ehrenberg fi omi lù ú, ó wò ó. Ìyẹ̀fun náà kì í ṣe erùpẹ̀ rárá. Ìkarahun dáyátọ́ọ̀mù ni látòkèdélẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀dá inú omi tí ojú lásán kò lè rí, tí ìkarahun wọn sì dà bíi gíláàsì tí wọ́n fín ọnà sí.

Ó wo òkúta mìíràn láti Bilin, ó sì ṣírò pé nínú ìwọ̀n tí kò tó páálí ìṣáná kan, ìkarahun tó wà níbẹ̀ tó bílíọ̀nù 41. (Irú ìyẹ̀fun yìí ni Alfred Nobel wá lò ní 1867 láti ṣe dáínámáìtì, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn nìyẹn.)

Kò pẹ́ tó fi yà sórí òkúta funfun rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀kì. Ó fi hàn pé ìkarahun ẹ̀dá òkun ló kún inú rẹ̀. Nínú òkúta ìbọn pàápàá, ó rí ẹ̀dá kéékèèké tó há sínú rẹ̀ bí eṣinṣin tó há sínú oje igi. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní London fún un ní àmì ẹ̀yẹ Wollaston ní 1839.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ẹ̀dá di ẹ̀yà tuntun?

Kí ẹnì kan rí ohun tí kò rí rí kò tó. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kó sọ ibi tó ti yàtọ̀ sí àwọn tó jọ ọ́, kó yà á láwòrán, kó sì tọ́jú èyí tó wò gan-an kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú. Ehrenberg á po eruku fín-ín-ńfín mọ́ omi, á jẹ́ kó gbẹ sórí awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òkúta máíkà, irú èyí tó ń dán yanran nínú yanrìn odò, á da oje igi lé e, lẹ́yìn náà á jókòó tì í, á máa fọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán. Àwọn atukọ̀ àti arìnrìn-àjò ń fi erùpẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti gbogbo ayé. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí, Mikrogeologie, jáde ní 1854.

Olóríkunkun ni ṣá o. Ó fi aró àti àwọ̀ pupa bọ́ àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó wà láàyè, ó rí ibi tí àwọ̀ náà kó jọ sí nínú wọn, ó sì ní ikùn ni, pé wọ́n ní ikùn púpọ̀ àti gbogbo ẹ̀yà ara bíi ti ẹranko ńlá. Félix Dujardin, ará Faransé, sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Dujardin ló jàre. Ehrenberg kò gbà fún un.

Eruku tó bà lé ọkọ̀ Darwin

Ní oṣù Kìíní ọdún 1832, ọkọ̀ ojú omi Beagle gúnlẹ̀ sí Porto Praya ní erékùṣù Cape Verde. Ojú ọ̀run ṣú fún eruku. Charles Darwin, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, gbọn eruku tó lẹ̀ mọ́ aṣọ tó wà lórí òpó ọkọ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó fi àpò kékeré márùn-ún ránṣẹ́ sí Ehrenberg ní Berlin. Tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, mẹ́rin yòókù sì ti ọwọ́ Charles Lyell wá, wọ́n bà lé ọkọ̀ mìíràn lórí òkun.

Irú ẹ̀dá 67 ni Ehrenberg kà nínú wọn. Àfi méjì péré, ẹ̀dá inú omi tí kò níyọ̀ ni gbogbo wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àdììtú nìyí: báwo ni ẹ̀dá inú adágún ṣe dé àárín òkun?

Darwin ní Áfíríkà ni eruku náà ti wá, torí pé àsìkò ọyẹ́ ló máa ń bọ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń ti ọ̀dọ̀ wa fẹ́ lọ. Ehrenberg ní rárá. Ó mọ àwọn ẹ̀dá tó jẹ́ ti Áfíríkà nìkan, kò sì rí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí méjì tó jẹ́ pé South America nìkan ló ti mọ̀ wọ́n.

Kò yẹ ká fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Àmọ́ etí odò Náílì àti Òkun Pupa ni Áfíríkà tó fojú ara rẹ̀ rí, ilẹ̀ wa sì tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Lónìí, a mọ̀ pé ní àríwá Chad, ibì kan wà tó ń jẹ́ Bodélé, nísàlẹ̀ àárín òkè Tibesti àti Ennedi. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ni, èyí tí adágún Chad òde òní jẹ́ ṣẹ́kù rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ìkarahun dáyátọ́ọ̀mù ló kù sílẹ̀, funfun báláú. Afẹ́fẹ́ tó ń fún láàárín òkè méjèèjì ń gbé e dìde, ó ń gbé e kọjá Nàìjíríà àti Benin lọ sínú òkun. Apá kan eruku Bodélé ń dé South America pàápàá. Ibi tí eruku ń lọ ni Ehrenberg fi ṣe ibi tó ti wá.

Kí ló kù lẹ́yìn rẹ̀?

Nígbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú lọ́jọ́ ogbó, Clara, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń ràn án lọ́wọ́, òun náà ló sì to àkójọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ehrenberg kú ní Berlin ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 1876, lẹ́ni ọdún 81. Nǹkan bíi 40,000 awẹ́ tó lẹ ẹ̀dá mọ́, àwòrán 3,000 àti erùpẹ̀ oríṣi 5,000 ló fi sílẹ̀, wọ́n sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí nípa ẹ̀dá ní ìlú náà.

Eruku inú àpò Darwin wà lára wọn. Ní 2007, àwọn onímọ̀ gbé àyẹ̀wò tí wọ́n fi irinṣẹ́ ìgbàlódé ṣe sí i jáde. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ní ó ti wá. Nínú eruku tó ti lé ní ọdún 160 nínú páálí, wọ́n tún rí bakitéríà àti èyí tó jọ ìbátan olú, irú ohun tí Ehrenberg fi gboyè nígbà èwe rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè.