Ìtàn Harold Ridley, Oníṣègùn Ojú

Ẹ̀yin olùkàwé wa yóò rántí pé ojú Élì àlùfáà ṣú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àti pé ojú Ísáákì ṣú pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ ìyàtọ̀ láàrín Ísọ̀ àti Jákọ́bù. Ìwé Mímọ́ kò sọ orúkọ àrùn náà fún wa. Ṣùgbọ́n láàrín àwọn arúgbó ìjọ wa lónìí, ọ̀pọ̀ ni ó wà tí ẹyinjú wọn ti funfun bí ẹni pé ìkùukùu bò ó, tí wọn kò lè ka ìwé orin mọ́, tí ó sì di pé kí ọmọdé máa fà wọ́n lọ́wọ́ wá sí ilé Ọlọ́run. Kátáráàkì ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí. Ọkùnrin tí a ó sọ ìtàn rẹ̀ ní oṣù yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá sínú ojú ènìyàn ní ipò èyí tí ó bàjẹ́, tí iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere.

A bí Nicholas Harold Lloyd Ridley ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1906, ní Kibworth Harcourt, ní ilẹ̀ Leicestershire, ní Ẹ́ńgláǹdì. Oníṣègùn ojú ni baba rẹ̀ pẹ̀lú. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Charterhouse, lẹ́yìn náà ní Pembroke College ní Cambridge, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London. Ní ọdún 1938 a fi í ṣe oníṣègùn àgbà ní Moorfields, ilé ìwòsàn ojú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ìlú náà.

Kí ìtàn yìí lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí àrùn náà jẹ́. Nínú ẹyinjú olúkúlùkù ènìyàn, lẹ́yìn ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ni lẹ́ńsì kékeré kan wà tí ó mọ́ gaara bí omi orísun. Nígbà tí ó bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ní ìgbà àtijọ́, àwọn kan a máa fi ohun mímú gún ojú, wọn a sì ti lẹ́ńsì náà ṣubú sẹ́yìn sínú ẹyinjú. Iṣẹ́ burúkú yìí kò tíì tán ní ìhà àríwá ilẹ̀ Nàìjíríà títí di òní, ojú púpọ̀ ni ó sì ti bàjẹ́ nípa rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1747, Jacques Daviel, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́ńsì náà jáde pátápátá. Ìlọsíwájú ńlá ni èyí. Síbẹ̀ ẹni tí a yọ lẹ́ńsì rẹ̀ kò ní ohun kan ní ipò rẹ̀, àfi kí ó máa lo awò ojú tí ó nípọn bí ìdí ìgò. Awò náà a sì máa mú kí ohun gbogbo tóbi ju bí ó ti rí lọ. Bí ó bá ṣe pé ojú kan ṣoṣo ni a ṣe, ojú kejì a máa rí nǹkan bí ó ti wà. Ọpọlọ kò sì lè so àwòrán méjèèjì pọ̀. Fún 200 ọdún ni àwọn oníṣègùn fi gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn parí sí.

Ogun ni ó ṣí ọ̀nà tuntun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1940, àwọn ará Jámánì yìnbọn lu ọkọ̀ òfurufú Gordon Cleaver, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ-ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ìbòrí ibi tí ó jókòó sí fọ́ túútúú, àwọn ègé rẹ̀ sì fò wọ ojú rẹ̀ méjèèjì, nítorí kò fi awò ìdáàbòbò sí ojú. Ó bọ́ nínú ikú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́. Ridley wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀. Ike mímọ́ tí a ń pè ní Perspex ni a fi ṣe ìbòrí náà. Gbogbo ìwé ìṣègùn ìgbà náà ni ó kọ́ni pé ohun àjèjì kò gbọdọ̀ wà nínú ojú, nítorí yóò wú, yóò sì pọ́n. Ṣùgbọ́n Ridley kíyè sí i pé àwọn ègé ike tí ó kù nínú ojú òsì ọkùnrin náà jókòó jẹ́ẹ́, wọn kò sì ṣe é ní ibi.

Nígbà tí ogun náà ń lọ lọ́wọ́, a rán an wá sí apá ilẹ̀ tiwa, sí Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí. Òmíràn ìbá jókòó ní ibùdó àwọn ọmọ-ogun títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Ridley lọ sí Funsi ní ìhà àríwá, níbi tí eṣinṣin dúdú kéékèèké etí odò ti ń fi aràn sínú ara ènìyàn, tí aràn náà sì ń sọ wọ́n di afọ́jú. Ó yẹ ojú wọn wò fínnífínní, ó sì kọ ìwé kan lórí àrùn náà tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1945. Lójú mi, ìwé yìí nìkan ìbá tó láti mú kí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, bí ó ti ń yọ lẹ́ńsì aláìsàn kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń wò ó bi í pé kí ni ìdí tí kò fi fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n Ridley ti ń ro ọ̀ràn náà tipẹ́, kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ó tọ John Pike lọ, ọkùnrin ilé iṣẹ́ Rayner, wọ́n sì fi Perspex tí a yọ́ mọ́ dáradára ṣe lẹ́ńsì. Kò gba ìwé àṣẹ tí ìbá mú kí owó wọlé fún un lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas', ó ṣe iṣẹ́ náà fún obìnrin ẹni ọdún 45 kan. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1950 ni ó tó fi lẹ́ńsì sílẹ̀ nínú ojú láti máa gbé ibẹ̀. Ohun gbogbo dára, bí kò ṣe pé agbára lẹ́ńsì náà ti pọ̀ jù: obìnrin náà kò lè rí ọ̀ọ́kán láìlo awò. Ridley tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ó fẹ́ rí òpin rẹ̀ kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. A sọ pé àṣírí náà tú nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn rẹ̀ ṣèèṣì tọ oníṣègùn ojú mìíràn lọ tí òun náà ń jẹ́ Ridley.

Ní oṣù keje ọdún 1951, ó mú ọ̀ràn náà wá síwájú àpéjọ àwọn oníṣègùn ojú ní Oxford, ó sì mú àwọn tí ó ti wòsàn wá kí ojú gbogbo ènìyàn lè tó o. Sir Stewart Duke-Elder, tí ó jẹ́ àgbà láàrín wọn, kọ̀ láti wò wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé ewu ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí a sọ òtítọ́, kì í ṣe ìlara nìkan ni ó wà nídìí rẹ̀. Lẹ́ńsì àkọ́kọ́ wúwo, àwọn kan yẹ̀ kúrò ní ipò wọn. Oògùn tí a fi ń fọ̀ wọ́n a máa kù sí wọn lára, a sì máa mú ojú wú. Ó sì di dandan láti yọ díẹ̀ nínú wọn jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí àbùkù iṣẹ́ lè ràn án lọ́wọ́ láti tún un ṣe, èyí ni àwọn àgbà náà kò ṣe. Ní ọdún 1966, òun àti Peter Choyce kó àwọn díẹ̀ tí ó gbà á gbọ́ jọ sí ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì ní ọdún 1971, ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò tíì gbà pé ó tọ̀nà, ìbànújẹ́ ọ̀ràn náà sì wà ní ọkàn rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìgbà yípadà. Ní ọdún 1981, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, ilé iṣẹ́ Aurolab ní Madurai, ní Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe wọ́n ní owó pọ́ọ́kú, tí àwọn tálákà fi lè rí i rà. Lẹ́ńsì òde òní rọ̀, a lè ká a, kí a sì gba ojú ọgbẹ́ tí kò ju nǹkan bí mílímítà mẹ́ta lọ fi í wọlé. A sì ń wọn ojú aláìsàn ṣáájú kí agbára lẹ́ńsì lè bá a mu. Oríṣi wọn pọ̀. Èyí tí a ń lò jù lọ ń ríran kedere ní ọ̀nà kan, ọ̀ọ́kán tàbí ìtòsí, ẹni tí ó bá sì yan ọ̀ọ́kán yóò máa lo awò ìkàwé. Òmíràn wà fún ẹni tí iwájú ẹyinjú rẹ̀ kò rí róbótó déédéé. Òmíràn sì wà tí ń ríran ní ọ̀ọ́kán àti ìtòsí pọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì lè mú kí ìmọ́lẹ̀ iná máa tàn yí ká lójú ẹni ní òru. Kí arúgbó má ṣe rò pé èyí tí ó wọ́n jù ni ó dára jù fún un; kí ó bi oníṣègùn léèrè, kí ó sì sọ irú iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ ń ṣe.

Ní ọdún 1987, ojú òsì Gordon Cleaver tí ó kù ṣú pẹ̀lú. Lẹ́ńsì ike ni a fi sí i, ó sì tún ríran. Ridley fúnra rẹ̀ ní kátáráàkì ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní St Thomas', ilé ìwòsàn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ni a ti fi lẹ́ńsì sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Royal Society gbà á sí àárín wọn ní ọdún 1986. Ní ọdún 2000 Ọbabìnrin Elizabeth fi í joyè Sir, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 93. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2001.